FẸLÁ ANÍKÚLÁPÓ-KÚTÌ: OLÓRIN TÍ Ó BÁ ÌJỌBA WÍJỌ́

Ó tọ́ kí ìwé ọdún ẹgbẹ́ máa sọ ìtàn àwọn ẹni ńlá tí wọ́n ti lọ, kí àwọn ọmọ tí a bí sí ìlú onílùú lè mọ orírun wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn báyìí ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Abàmì Ẹ̀dá. Àwọn ọmọ wa mọ orin rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ó ń mu igbó, pé ó fẹ́ ìyàwó púpọ̀, pé àwọn ṣójà sun ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ti jáde wá, ìdí tí ó fi bá ìjọba jà, ohun tí ìjà náà mú wá àti ohun tí kò lè mú wá, díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ ọ́n. Nǹkan wọ̀nyí ló sì kan àwa tí a kó ara wa jọ sínú ẹgbẹ́ jù lọ.

ILÉ TÍ A BÍ I SÍ

Ìlú Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 1938. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kútì. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, jẹ́ oníwàásù àti olórin pàtàkì nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1922, bàbá àgbà yìí wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin ìsìn lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Nítorí náà, kí Fẹlá tó dáyé ni orin ti wà nínú ẹbí náà.

Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Abẹ́òkúta Grammar School. Ẹni tí ó mú nǹkan le ni. Ẹgba rẹ̀ kì í jìnnà, kò sì yọ ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọdún 1931, èyí tí a mọ̀ sí NUT títí di òní, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó wá lókìkí jù. Ó kó àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà jọ sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ó máa ń wọ aṣọ òkè àti ìró bí àwọn ọlọ́jà, ó ń bá wọn sọ Yorùbá, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ohun tí ó ń dun àwọn obìnrin náà ni owó orí tí ìjọba amúnisìn ń gbà lọ́wọ́ wọn, tí ó sì ń ti ọwọ́ Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, gbà. Obìnrin ń san owó orí, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣètò ìlú.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tú jáde lọ sí ààfin Aláké. Wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú. Wọ́n kọrin òwe, wọ́n kọrin èébú, wọ́n sì kọ̀ láti san owó orí. Kí wọ́n tó débẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé ẹ̀hónú ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọdún 1948, ìjọba dá owó orí obìnrin dúró. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní, ọdún 1949, Aláké fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní Òṣogbo. Òtítọ́ ni pé ó padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, ṣùgbọ́n agbára tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá fi hàn kò ṣeé gbàgbé mọ́.

Ọmọ ọdún 9 ni Fẹlá nígbà tí nǹkan wọ̀nyí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a níwájú: ní ilé àwọn Kútì, orin àti ẹgbẹ́ jọ ń rìn ni.

ÌRÌN ÀJÒ

Bàbá Fẹlá kú ní ọdún 1955. Ní ọdún 1958, ìyá rẹ̀ fi í ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọkàn àwọn ẹbí ni pé yóò kọ́ iṣẹ́ dókítà bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olíkóyè. Nígbà tí ó débẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ orin ni ó bá lọ, Trinity College of Music. Ó kọ́ bí a ṣe ń fọn trumpet, ó sì kọ́ orin àwọn òyìnbó àtijọ́ nínú ìwé. Ní alẹ́, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní àwọn ilé ijó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Koola Lobitos. Lọ́ńdọ̀nù náà ni ó ti fẹ́ ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, Rẹ̀mílẹ́kún Taylor, tí ó bí Yẹni, Fẹ́mi àti Ṣọlá fún un.

Ó padà sí Nàìjíríà ní ọdún 1963. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n orin ni ọkàn rẹ̀ wà. Orin rẹ̀ nígbà náà jẹ́ àdàlù highlife àti jazz. Àwọn olórin ń yìn ín, ṣùgbọ́n aráàlú kò fi bẹ́ẹ̀ jó sí i. Tony Allen, ọ̀gá onílù, dara pọ̀ mọ́ ọn láàárín àwọn ọdún náà. Wọ́n jọ rin ìrìn àjò lọ sí Ghana, níbi tí highlife ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì ń wá orin tí yóò jẹ́ tiwọn.

Ọdún 1969 ni ó kó àwọn olórin rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Owó kò sí, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn sì di wàhálà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wà nínú ìlú onílùú láìní ìwé ní ọwọ́ mọ irú ìpayà bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Los Angeles, ó pàdé ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Sandra Smith, tí a wá mọ̀ sí Sandra Izsadore, ẹni tí ó ti bá ẹgbẹ́ Black Panther rìn. Obìnrin yìí fún un ní ìwé ìtàn ayé Malcolm X kà, ó sì ń bi í ní ìbéèrè nípa ilẹ̀ Áfíríkà tí Fẹlá kò lè dáhùn. Ìtìjú bá a. Ọmọ ẹni tí ó lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ ni, síbẹ̀ orin ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ eré lásán ni ó ń kọ. Lẹ́yìn odi ni ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀rọ̀ ilé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa pẹ̀lú.

ORIN TÍ Ó DI OHÙN MẸ̀KÚNNÙ

Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1970, ó ti di ẹlòmíràn. Ó pe orin rẹ̀ ní Afrobeat, ó sì pe àwọn olórin rẹ̀ ní Africa 70. Ìlù ilẹ̀ wa, highlife, jazz àti orin ìjó àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó pò pọ̀. Orin kan ṣoṣo lè gba ojú kan odindi àwo. Ọdún 1971 ni Jẹun Kó O Kú jáde, ó sì tà gan-an káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Èdè tí ó wá mú lò jù ni èdè pídíjìn. Yorùbá ni yóò yé àwọn ará ilé, Gẹ̀ẹ́sì gidi ni yóò yé àwọn tí wọ́n kàwé, ṣùgbọ́n pídíjìn ni oníbàárà ní Kano, awakọ̀ ní Accra àti alágbàṣe ní Port Harcourt jọ gbọ́. Bí orin rẹ̀ ṣe wọ gbogbo ìlú tí a ti ń ṣe àtìpó nìyẹn. Ibi tí ó ti ń ṣeré, Afrika Shrine, wà ní Ìdí-Òrò nígbà náà. Ó gbé àwòrán Kwame Nkrumah àti àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú mìíràn síbẹ̀. Yàtọ̀ sí ijó, ó máa ń dúró bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ òṣèlú fún àkókò gígùn.

Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ èyí. Ní ọdún 1974, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé rẹ̀ pé àwọn ń wá igbó. Wọ́n tì í mọ́lé ní Alágbọn. Láti inú àtìmọ́lé náà ni ó ti mú orúkọ Kalakuta wá fún ilé rẹ̀, 14 Agege Motor Road, tí ó sì kéde rẹ̀ bí orílẹ̀-èdè tí ó dá dúró. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí i ni ó ń sọ di àwo orin. Ní ọdún 1975, ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀ nítorí pé orúkọ ẹrú ni ó kà á sí, ó sì fi Aníkúlápó rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ó ti fi ikú sínú àpò.

ỌJỌ́ 18, OṢÙ KEJÌ, ỌDÚN 1977

Ọdún 1976 ni àwo Zombie jáde. Nínú rẹ̀, ó fi àwọn ṣójà wé òkú tí ń rìn, tí kò lè ronú àfi kí ẹnìkan pàṣẹ fún un. Àwọn ọmọdé ń fi orin náà ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ológun ní títì. Láàárín oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1977, ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí òun náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, gbàlejò gbogbo ayé fún àjọ̀dún FESTAC. Fẹlá kọ̀ láti bá wọn ṣe é. Shrine ni ó jókòó sí, ó ń ṣeré, ọ̀pọ̀ àlejò àjọ̀dún náà sì ń wá bá a níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ nípa ìjọba.

FESTAC parí ní ọjọ́ 12, oṣù Kejì. Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí 1,000 ṣójà yí Kalakuta ká. Wọ́n lu àwọn ènìyàn inú ilé, wọ́n ṣe àwọn obìnrin níṣekúṣe, wọ́n sì dáná sun ilé náà. Ohun èlò orin jóná. Fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ayé ara rẹ̀ jóná. Ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Beko, ń ṣí fún àwọn tálákà nínú ọgbà kan náà jóná. Wọ́n gbé ìyá wọn, arúgbó ẹni ọdún 76, jù sílẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Mama kò gbádùn mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n jáde láyé ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹrin, ọdún 1978.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé ṣójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Fẹlá pe ìjọba lẹ́jọ́, kò rí ohunkóhun gbà. Ní ọdún 1979, bí ìjọba ológun ṣe ń palẹ̀ mọ́, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó olórí ìjọba, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún wọn. Kò sí ilé ẹjọ́ tí ó gba ẹ̀bi ìyá rẹ̀, nítorí náà ó gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú ilé àwọn tí ó ká a lára sí.

Kò rọrùn fún un ní Ghana pẹ̀lú. Ó lọ síbẹ̀ lẹ́yìn iná náà, ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, nígbà tí inú ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ìjọba ológun tiwọn, orin Zombie di ohun ìjà lẹ́nu wọn. Ìjọba Ghana lé e jáde.

ÒṢÈLÚ

Fẹlá kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sí orin. Ó ti dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1976, Young African Pioneers, tí ó ń tẹ ìwé ìròyìn jáde. Nígbà tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, Movement of the People, ó sì kéde pé òun yóò díje fún ipò Ààrẹ ní ọdún 1979.

Àjọ tí ń ṣètò ìdìbò, FEDECO, ní òfin. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ́fíìsì ní ó kéré tán ìpínlẹ̀ 13 nínú ìpínlẹ̀ 19 tí ó wà nígbà náà. Ẹgbẹ́ 5 péré ni ó gba ìwé: UPN, NPN, NPP, PRP àti GNPP. Ti Fẹlá kò sí níbẹ̀. A lè sọ pé òfin náà fi ojú rere wo àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú àtijọ́, òtítọ́ sì ni. Síbẹ̀, àwo Fẹlá wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ 19, ọ́fíìsì rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀.

Ibí ni a ti gbọ́dọ̀ rántí Abẹ́òkúta. Orin tí àwọn obìnrin kọ níwájú ààfin ní ọdún 1947 kò dùn ju ti Fẹlá lọ, kò sì kọjá odi ìlú Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń kọ ọ́ mọ ara wọn, wọ́n ní ìpàdé, wọ́n ní àwọn aṣojú láti ọjà dé ọjà. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan, òmíràn yóò dìde. Ohùn ọmọ náà dé gbogbo ayé, ó gbá ìbẹ̀rù dànù lọ́kàn mílíọ̀nù ènìyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ṣójà dé, agbo ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti sun.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ jà kí obìnrin lè ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ìlú. Ọmọ rẹ̀ kọ orin tí ó fi obìnrin ṣẹ̀sín, ó sì fẹ́ ìyàwó 27 ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní oṣù Kejì ọdún 1978. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ni ó ń kọrin, tí ó ń jó, tí ó sì jẹ ìyà Kalakuta pẹ̀lú rẹ̀. Láìsí wọn, kò sí Africa 70, kò sì sí Egypt 80 tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn Fẹlá tí kò dárúkọ ìyà tí wọ́n jẹ, ààbọ̀ ìtàn ni ó sọ.

Ẹ̀WỌ̀N

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, bí ó ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n mú un ní pápákọ̀ Ìkejà. Wọ́n ní ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde. £1,600 ni owó náà. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 5. Wọ́n gbé e kiri, títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Maiduguri tí ó jìnnà réré sí ilé, àti ti Benin. Àjọ Amnesty International ka á mọ́ àwọn tí a tì mọ́lé nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Fẹ́mi, ọmọ rẹ̀, ni ó ń darí àwọn olórin nígbà tí bàbá kò sí. Ó lo nǹkan bí oṣù 20 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1986. Nígbà tí ó jáde, ó ní kí àwọn ìyàwó rẹ̀ máa lọ ní òmìnira wọn. Ó ń kọrin nìṣó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bí ọdún ṣe ń lọ.

IKÚ ÀTI OHUN TÍ Ó KÙ

Fẹlá kú ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 1997. Ẹni ọdún 58 ni. Beko kò lè sin ín, nítorí pé ìjọba Abacha ti fi í sẹ́wọ̀n nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìjà fún ìjọba alágbádá. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, jáde sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ni ó fa ikú àbúrò òun. Nígbà náà, ẹbí tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé irọ́ ni àrùn náà. Olíkóyè fi òkú àbúrò rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó ṣì wà láàyè. Ìyẹn pẹ̀lú wà nínú iṣẹ́ tí ẹbí náà ṣe fún Nàìjíríà.

Ní Tafawa Balewa Square, Èkó, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, tí àwọn kan sọ pé wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, wá wo òkú rẹ̀ nínú pósí onígíláàsì. Wọ́n sin ín sí iwájú ilé rẹ̀ ní Gbémisọ́lá, Ìkejà. Ọdún 1998 ni Yẹni, àkọ́bí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún Felabration. Ọdún 2000 ni àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí Shrine tuntun ní Ìkejà, ilé Gbémisọ́lá sì di ilé ohun ìrántí ní ọdún 2012.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹgbẹ́ tí kò ní ohùn, àwọn aláṣẹ yóò rẹ́ ẹ jẹ ní ìdákẹ́jẹ́. Ohùn tí kò sì ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, òun nìkan ni yóò ru ìyà rẹ̀. A rí méjèèjì nínú ìdílé kan ṣoṣo. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn wá ní ìlú tí a ń gbé, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, owó ọjà tàbí ilẹ̀ ìsìnkú, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó lẹ́nu sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, kí àwa tí a kù sì dúró tì í. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sínú ilé tí wọ́n fẹ́ sun.

Kí Elédùmarè dẹlẹ̀ fún Fẹlá àti ìyá rẹ̀. Kí ó sì jẹ́ kí a máa rí ara wa bá ní ìpàdé. Àṣẹ.